Ẹ má tíì gbé TV àtijọ́ yín fún àwọn tó ń ra kóndẹ́ẹ̀mù: bá a ṣe ń múra ẹ̀ sílẹ̀ de digital

Ìyá mi kékeré tó ń gbé nílùú Oǹdó ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ẹnì kan ládùúgbò wọn ló sọ fún wọn pé ìjọba fẹ́ sọ gbogbo tẹlifíṣọ̀n di digital, pé TV tó lẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀ yẹn ò ní wúlò mọ́, ni wọ́n bá pe àwọn tó ń ra kóndẹ́ẹ̀mù, wọ́n gbé LG 21 inches tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn, owó tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì àti ẹyin fún ilé. Wọ́n wá lọ ra fláàtì tòkunbọ̀, wọ́n ní àwọn náà ti bọ́ sí digital. Ìgbà tí mo dé bẹ̀ tí mo yẹ fláàtì yẹn wò, analog lásán ló wà nínú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an. TV tí wọ́n tà yẹn la fi wo bọ́ọ̀lù nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ìyá, àǹtí, tàbí ìyá àgbà ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ìdànrè, níbikíbi tí TV àtijọ́ ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Digital ò sí lójú TV rárá, inú ohun tó ń gba sígínáà ló wà. TV àtijọ́ kàn nílò àpótí kékeré kan tó máa bá a gba ìròyìn tó ń bọ̀ ní èdè tuntun, kó wá sọ ọ́ fún un ní èdè tó gbọ́, bí ògbufọ̀ ni. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi TV ẹlẹ́yìn ńlá wo GOtv tàbí StarTimes, ẹ ti wà nínú digital tipẹ́, ẹ kàn ò mọ̀ ni, dékódà tó wà lábẹ́ TV yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ náà.

Kí ló ń yí padà gan-an

Látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, 31 October 1959, analog la ti ń wò bọ̀. Analog dà bí ọ̀kadà tó jẹ́ pé èrò kan ló lè gbé, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan á gba ojú ọ̀nà kan lófuurufú, kò ní sáyè fún ẹlòmíì níbẹ̀. Digital dà bí bọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jọ wọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn, ibi tó bá wá ṣófo sílẹ̀ làwọn oníléeṣẹ́ fóònù máa fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí ẹ̀ nìyẹn táwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò ní Geneva lọ́dún 2006 pé tó bá fi máa di 17 June 2015, kí analog ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nàìjíríà ò bá ọjọ́ yẹn. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní April 2016, Abuja tẹ̀lé e ní December ọdún yẹn, Ìlọrin 2017, Òṣogbo tí ò jìnnà sí wa ní Àkúrẹ́ níbí 2018, Èkó April 2021. NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ló ń darí ẹ̀, FreeTV ni wọ́n sọ ọ́.

Ìlú dé ìlú ló ń lọ, àyè dẹ̀ wà láti fara balẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ń kán yín lójú pé kẹ́ ẹ tètè ra TV tuntun kílẹ̀ tó ṣú, ọjà ló fẹ́ tà.

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn TV náà wò

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná ná. Tó bá jẹ́ 25 tàbí 29 inches, ẹ pe ẹnì kan kó bá yín dì í mú, torí pé iwájú ló wúwo sí, ó lè dojú dé mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má tú ẹ̀yìn ẹ̀ o, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi súkúrúdíráfà kàn án. Ìgò ńlá inú TV yẹn máa ń gbé iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ó dẹ̀ lè tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ síkùn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ihò tó wà níta nìkan là ń wá, kò sí ìdí kankan tá a fi máa dé inú.

Ihò tí gbogbo wọn ní ni ti áńténà, ihò róbótó kan tó ní ojú abẹ́rẹ́ láàárín. Èyí tá a fẹ́ rí gan-an ni ti AV, ihò róbótó mẹ́ta tó ní àwọ̀, yẹ́lò, funfun àti pupa. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ló ń gbé ohùn. Tẹ́ ẹ bá rí méjì péré, yẹ́lò àti funfun, kò sí wàhálà, TV yẹn kàn jẹ́ elétí kan ni, ẹ fi pupa sílẹ̀ kó máa fì.

Tẹ́ ẹ ò bá rí i lẹ́yìn, ẹ wá iwájú. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Àwọn 21 inches kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ ìdérí kékeré kan nísàlẹ̀ ojú ẹ̀, níbi tí bọ́tìnì fólúùmù wà, ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ fi èékánná ṣí i. Àwọn míì, ẹ̀gbẹ́ ló wà. Tó bá sì jẹ́ pé méjì ló wà lẹ́yìn, ẹ ka nǹkan tí wọ́n kọ sí i, IN lẹ máa lò, OUT ò wúlò fún eléyìí, torí pé nǹkan ń jáde níbẹ̀ ni, kì í wọlé. Àwọn kan tún ní ihò àwọ̀ ewé, búlúù àti pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwòrán nìyẹn ń gbé, pupa ibẹ̀ kì í ṣe ti ohùn, ẹ má fi wáyà tiyín síbẹ̀.

Tòkunbọ̀ tó bá wá láti ìlú òyìnbó ti Yúróòpù lè ní ihò gígùn kan tí eyín ẹ̀ pọ̀, SCART ló ń jẹ́. Wọ́n ń ta orí kékeré kan tí wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ tó máa sọ ọ́ di yẹ́lò, funfun, pupa. Ẹ rí i pé ẹ ra èyí tó ń gba nǹkan wọlé, torí pé òmíì nínú ẹ̀ kàn ń mú nǹkan jáde ni.

Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà tàbí Japan ní tiẹ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ 120V, 110V tàbí 100V péré ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná wa tó jẹ́ 220 sí 240 máa jó o lójú ẹsẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi transformer tó ń gé iná kù sí i.

Ẹ dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan

Mo fẹ́ràn apá yìí jù torí pé kò ná yín ní nǹkan kan, òun ló dẹ̀ máa sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ wá DVD player. Tí ẹ̀yin ò bá ní, aládùúgbò yín ní. Ẹ fi wáyà olórí mẹ́ta yẹn so ó mọ́ AV IN TV, àwọ̀ sí àwọ̀, ẹ tan méjèèjì, ẹ wá tẹ AV lórí rìmóòtù TV. Lórí òmíì wọ́n á kọ TV/VIDEO, lórí òmíì SOURCE tàbí INPUT, lórí òmíì àmì kékeré kan báyìí tó dà bí àpótí tí ọfà ń wọnú ẹ̀. Rìmóòtù ti sọnù? Ẹ tẹ bọ́tìnì ṣánẹ́ẹ̀lì lójú TV wálẹ̀ láti 1, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kan AV níbẹ̀ kó tó bọ́ sí ṣánẹ́ẹ̀lì tó gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra rìmóòtù gbogbonìṣe, ẹ gbé orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn TV lọ́wọ́ dé ọjà, kí wọ́n dẹ̀ júwe bí wọ́n ṣe máa fi kọ́ ọ.

Tí àwòrán àti ohùn DVD bá jáde, TV yẹn ti ṣe tán. Mo tún un sọ, ó ti ṣe tán. Ihò tí DVD gbà wọlé náà ni àpótí digital máa gbà. Ẹ lọ sinmi, ó ku àpótí àti áńténà.

Tí ohùn bá jáde tí àwòrán ò jáde, ẹ yí yẹ́lò wọnú ihò dáadáa, kẹ́ ẹ fi wáyà míì gbìyànjú. Ihò tó ti pẹ́ láì lò máa ń dípẹtà, ẹ ki orí wáyà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ yọ ọ́ bíi ìgbà mẹ́wàá, ìpẹtà yẹn á gé. Tó bá tún kọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa gbé e lọ fún oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, ihò lásán tó ti yọ lára bọ́ọ̀dù ni lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ kékeré ni.

Tí kò bá ní AV rárá ńkọ́

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó jẹ́ pé ihò áńténà nìkan ló ní, òun náà ṣì lè gbọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa, torí pé àwọn tó ń ta àpótí máa ń sọ pé RF OUT wà lẹ́yìn ẹ̀, pé kẹ́ ẹ kàn so ó mọ́ ihò áńténà TV. Lára ọ̀pọ̀ àpótí, ihò yẹn kàn ń gba sígínáà áńténà kọjá ni bó ṣe bá wọlé, kò túmọ̀ nǹkan kan, TV yẹn á dẹ̀ máa ṣe ṣàà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni RF modulator, òun ló ń sọ àwòrán àti ohùn àpótí di sígínáà tí ihò áńténà TV àtijọ́ lè gbọ́. Àpótí míì ní i nínú, tí kò bá ní, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì mẹ́ta lọ, ẹ á so yẹ́lò, funfun, pupa mọ́ ọn látinú àpótí, wáyà áńténà á jáde látinú ẹ̀ lọ sínú TV, ẹ á wá search lórí TV títí ẹ ó fi kan ibi tó ń gbé àwòrán sí.

Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ní fídíò àtijọ́ tó ń gba káséètì ńlá, ẹ má sọ ọ́ nù. Òun fúnra ẹ̀ ní modulator nínú. Ẹ so àpótí mọ́ AV IN fídíò, ẹ so ihò áńténà tó ń jáde lára fídíò mọ́ TV, ẹ fi fídíò sí AV, ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fi ń wo káséètì láyé ọjọ́un náà ni digital máa jáde sí. Mo ti ṣe é fún bàbá kan ní Ìṣìnkàn, TV onígi tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń tì, inú wọn dùn bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n rà á.

Fláàtì kì í ṣe digital

Ibi tí ìyá mi kékeré ti kó sí nìyí. Pípẹlẹ́bẹ̀ tí TV pẹlẹ́bẹ̀ ò sọ ohun tó wà níkùn ẹ̀. Ẹ tẹ MENU, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá ṣánẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ ATV nìkan ni wọ́n kọ, analog ni. Tẹ́ ẹ bá rí DTV, ó ní digital, àmọ́ ó ku ìbéèrè kan: irú digital wo? Èyí tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni DVB-T2, ẹ wá a lára ìwé ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí lára páálí. Tó bá jẹ́ DVB-T tí kò ní 2, kò lè gbọ́ tiwa. Tòkunbọ̀ ìlú London tó pẹ́ díẹ̀, tó kọ Freeview láìkọ HD mọ́ ọn, DVB-T ni. Ti Amẹ́ríkà, ATSC ló ń jẹ́, èdè míì pátápátá nìyẹn.

Kò túmọ̀ sí pé TV yẹn ò dáa o. Ẹ so àpótí mọ́ ọn pẹ̀lú HDMI, wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, á mọ́ kedere. Kẹ́ ẹ kàn má san owó lé e lórí torí pé ẹnì kan sọ pé digital ni.

Àpótí tẹ́ ẹ máa rà

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ì báà jẹ́ Ọjà Ọba tàbí àwọn ṣọ́ọ̀bù Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ má bi wọ́n pé ṣé digital ni, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ gba páálí, ẹ wo ó fúnra yín. Ó gbọ́dọ̀ kọ DVB-T2, ó gbọ́dọ̀ kọ MPEG-4 tàbí H.264. Ẹ yí ẹ̀yìn àpótí náà wò kẹ́ ẹ rí ihò AV tó máa bá TV yín mu. Wọ́n ti ta èyí tó jẹ́ HDMI nìkan ló ní fún mi rí, mo gbé e délé kí n tó mọ̀, ọjọ́ kejì tí mo dá a padà wọ́n ní ọjà tí wọ́n bá tà tán kì í padà wá. Látìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti máa ń tan nǹkan wò kí n tó sanwó.

Àwọn àpótí kéékèèké kan ò ní ihò mẹ́ta, ihò kan ṣoṣo bíi ti èáfóònù ni wọ́n fi gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Wáyà tó bá àpótí yẹn wá gangan ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá sọnù tẹ́ ẹ ra òmíì, bí wọ́n ṣe to inú ẹ̀ lè yàtọ̀, àwòrán lè gba pupa tàbí funfun jáde. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kiri nínú ihò TV, kò ní jó nǹkan kan.

Ẹ tún mọ̀ pé àpótí áńténà yàtọ̀ sí ti díìṣì. Èyí tó ń lo díìṣì, DVB-S2 ni wọ́n máa ń kọ sí i, wáyà ẹ̀ ń wé wọlé bíi súkúrúù. Ti áńténà, ẹ kàn máa tì í wọlé ni. Tó bá jẹ́ àpótí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń san owó oṣù fún, bí DVB-T2 tiẹ̀ wà lára ẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn ti tì í mọ́ tiwọn, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnì kan pé ẹ fẹ́ fi wo ọ̀fẹ́.

Áńténà: ibí ni iṣẹ́ wà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àfi kẹ́ ẹ ra áńténà digital, ẹ bi í léèrè dáadáa. Áńténà ò mọ digital, kò mọ analog, ìwọ̀n ìgbì tó lè mú nìkan ló mọ̀. Orí UHF, ìyẹn láti ìkànnì 21 lọ sókè, ni tiwa ń bọ̀, nítorí náà áńténà UHF tó ti wà lórí pọ́ọ̀lù yín látọjọ́ yìí á ṣiṣẹ́ tí kò bá tíì jẹrà. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ẹ̀ bá gùn tó rúlà ọmọ iléèwé tàbí kò tó o, UHF ni. Tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, VHF ni, ti ìkànnì 5 sí 12, ìyẹn ò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀.

Analog máa ń ṣàánú èèyàn. Tí sígínáà ò bá tó, ẹ ṣì máa rí nǹkan nínú ṣàà yẹn, ẹ ṣì máa gbọ́ ìròyìn. Digital ò mọ ìyẹn. Yálà kó mọ́ lau bíi dígí, tàbí kó gé wẹ́wẹ́ kó le gbagidi, tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí áńténà tó ti tó yín tẹ́lẹ̀ ṣe lè má tó mọ́, kì í ṣe àpótí ló bàjẹ́.

Ní Àkúrẹ́ àti agbègbè ẹ̀, òkè ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sígínáà UHF kì í la àpáta kọjá. Ilé tó bá wà lẹ́yìn òkè, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Ìdànrè, ó lè jẹ́ pé mítà díẹ̀ péré lẹ máa sún pọ́ọ̀lù kó tó bọ́ síbi tó rí àlàfo láàárín àpáta méjì. Ẹ má kàn máa gbé e ga nìkan, ẹ sún un sọ́tùn-ún, ẹ sún un sósì. Nípa ibi tó yẹ kó kọjú sí, ẹ má gbà pé Oríta-Ọ̀bẹlẹ̀ ni dandan torí pé ibẹ̀ ni OSRC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà, òpó gíga tó máa gbé digital lè wà níbòmíì. Ẹ jáde síta, ẹ wo áńténà àwọn aládùúgbò tó ń wo ilé iṣẹ́ kan náà, ibi tí wọ́n kọjú ẹ̀ sí, bóyá irin ẹ̀ dùbúlẹ̀ tàbí ó dúró. Ẹ fi tiyín jọ ọ́.

Páànù tún wà níbẹ̀. Áńténà kékeré tí wọ́n ń gbé sórí TV, lábẹ́ òrùlé páànù, irin yẹn máa dí i lójú. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ gbé e síbi fèrèsé. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ilé tó jìnnà, ẹ gbé e síta.

Wáyà pẹlẹbẹ àtijọ́ tó lójú méjì, ẹ yọ ọ́ dànù. Wáyà iná tí wọ́n fi ń so gílóòbù tẹ́nì kan fi so áńténà fún yín nígbà yẹn, ẹ yọ òun náà. Wáyà róbótó tó ní àwọ̀n irin nínú, tí wọ́n kọ 75 ohm tàbí RG6 sí, ni kẹ́ ẹ lò, ẹyọ kan tí kò ní ìsopọ̀ láàárín. Ẹ fi tépù dúdú wé ibi tó ti pàdé áńténà kí òjò má wọ̀ ọ́, kó tó wọlé ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ọrùn igbá, omi á kán síta níbẹ̀ dípò kó bá wáyà wọ inú àpótí.

Ọparun la máa ń lò fún pọ́ọ̀lù níbí, kò burú, àmọ́ ẹ má dúró ti wáyà iná ojú títì nà án sókè, ọparun tútù lè gbé iná, ó lè pa èèyàn. Bójú ọjọ́ bá sì ti ṣú tí àrá fẹ́ sán, ẹ yọ wáyà áńténà lẹ́yìn àpótí, ẹ yọ àpótí àti TV kúrò nínú iná. Tẹ́ ẹ bá pa á lójú rìmóòtù lásán, ọ̀nà àrá ṣì ṣí sílẹ̀.

Ẹ so ó pọ̀, ẹ search

Áńténà sí ANT IN àpótí, AV àpótí sí AV IN TV, ẹ tan gbogbo ẹ̀, ẹ fi TV sí AV. Àpótí náà á béèrè orílẹ̀-èdè tàbí èdè, ẹ mú un. Níbi tó bá ti béèrè PAL tàbí NTSC, ìyẹn oríṣi ọ̀nà méjì tí TV ń gbà gbé àwòrán aláwọ̀, PAL ni, àfi tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tàbí Japan, NTSC nìyẹn ń gbọ́. Fún àwọn TV tó kù, tẹ́ ẹ bá mú NTSC, TV àtijọ́ lè ṣe dúdú àti funfun, tàbí kí àwòrán máa yí gbirigbiri. Níbi tó bá ti béèrè bí ojú TV ṣe rí, 4:3 letterbox (LB) lẹ máa mú, kò ní gé orí èèyàn sọ́nù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n kọ antenna power tàbí 5V sí, ẹ fi sí OFF, àfi tí áńténà yín bá ní búústà nínú tó ń gba iná látinú wáyà.

Ẹ wá tẹ auto search. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ ṣí ojú ìwé tó ń fi signal strength àti signal quality hàn. Quality ló ṣe pàtàkì. Mo ti rí ibi tí strength ti ga gan-an tí quality dẹ̀ wà nílẹ̀, tí àwòrán ń gé. Ẹnì kan á wà lẹ́yìn ilé tó ń yí pọ́ọ̀lù, ẹnì kan á wà nídìí TV tó ń kígbe "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, dúró!" Kẹ́ ẹ yí i díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, torí pé àpótí ò yára bí analog, kẹ́ ẹ tó tún yí i. Ibi tí quality bá ti ga jù, ẹ de pọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ẹ tún search lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí nǹkan bá ń ṣe é lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: tẹ́ ẹ bá tẹ MENU lórí rìmóòtù àpótí, ṣé ó jáde lójú TV? Tó bá jáde, TV àti wáyà àwọ̀ mẹ́ta ò ní ẹ̀bi, áńténà ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò. Tí kò bá jáde, ẹ fi áńténà sílẹ̀, AV ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè yẹn nìkan máa gba yín lọ́wọ́ owó tẹ́ ẹ fẹ́ san fún ẹni tó máa gun òrùlé lásán. Tí àpótí bá ń kú tó ń jí fúnra ẹ̀ nírọ̀lẹ́, iná tó ń wá lábọ̀ ló sábà máa ń fà á, ẹ fi sítébiláísà sí i. Kẹ́ ẹ dẹ̀ má gbé àpótí lé orí TV níbi tó ti ń mí, ooru yẹn á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ilé tó bá ní TV méjì, àpótí kan á gbé ohun kan náà sí méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di àpótí méjì.

Àwọn àgbà àti rìmóòtù méjì

Ẹ má so ó tán kẹ́ ẹ wá máa lọ sílé yín. Àgbà tó ti ń fi rìmóòtù kan ṣoṣo tan TV láti 20 ọdún, ẹ kó rìmóòtù méjì fún wọn, ọjọ́ kejì wọ́n á tẹ nǹkan kan, ojú TV á di búlúù, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ohun tí mo ṣe fún ìyá mi ní Òkè-Àró nìyí: mo gbé ohùn TV síbi tó dáa, mo wá lẹ tépù pupa mọ́ rìmóòtù àpótí, mo ní òun ni wọ́n á máa fi ṣe ohun gbogbo. Rìmóòtù TV, mo fi tépù bo gbogbo bọ́tìnì ẹ̀ ku méjì, ti àtitan àti AV, torí pé tí iná bá lọ tó bá dé, TV àtijọ́ lè padà sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 fúnra ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe máa dá a padà. Mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pa á, wọ́n tan án. Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná, wọ́n tún mú un dé AV. Wọ́n dẹ̀ kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá wọn gbé.

Lóòrèkóòrè, bíi oṣù méjì méjì, kẹ́ni tó bá wà nílé tún tẹ search, torí pé ilé iṣẹ́ lè wọlé tàbí kó ṣípò, àpótí ò ní sọ fún yín. Tí TV kan bá wá kú pátápátá lóòótọ́, ẹ má fọ́ ìgò ẹ̀, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé fi ṣeré, òjé wà nínú ìgò yẹn.

Ìyá mi kékeré ńkọ́? Mo ti so dékódà mọ́ fláàtì tòkunbọ̀ wọn pẹ̀lú HDMI, ó ń mú dáadáa. TV ti ìyá mi ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀ ní Òkè-Àró, tépù pupa ṣì wà lára rìmóòtù.